Ohun Tí Dúpẹ́ Sọ Nínú Yàrá Dókítà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bá mi nílé, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, ẹ jókòó. Mi ò ní pọ́n iṣẹ́ náà lé jù fún yín, mi ò sì ní bù ú kù. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní aago ògiri kan, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n túká. Aago náà ò lò ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi kú. Ohun tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ẹsẹ̀ tó ń wú, àti gbólóhùn kan tó bọ́ lẹ́nu mi nígbà tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ ó tibẹ̀ mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Pápá Àjàó ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń fi páànù ṣe àtùpà àti garawa, òun ló sì rán mi níléèwé títí mo fi ka ìwé mẹ́fà, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń bi í pé kí ni Sàfúrátù fẹ́ fi ìwé ṣe nílé ọkọ. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn rárá. Obìnrin kan tó ń ra àtùpà lọ́wọ́ bàbá mi ló ń fọṣọ fún ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Yábàá. Ó mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n wo èékánná mi, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó tí wọ́n ń san kò tó ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Òmìnira ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn nígbà náà. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni gbogbo wa ń pè ní Sista. Ó lórúkọ, Wúràọlá ni, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ga, ó gbẹ, bí o bá sì ń wọ́ bàtà nílẹ̀ ní ìpẹ̀kun ilé, ó ti gbọ́ ọ. Síríǹjì onígíláàsì là ń lò. À ń sè é nínú ìkòkò bí ẹni ń se ẹyin. Abẹ́rẹ́ kan náà là ń fi gún èèyàn tí kò níye. Bó bá kú lẹ́nu, a ó pọ́n ọn lórí òkúta, a ó wá fà á gba inú òwú. Bí òwú bá bá a lọ, kò tíì mú. Lọ́jọ́ kan abẹ́rẹ́ mi fa òwú, mo sì gbé e sínú àwo bẹ́ẹ̀. Sista rí i.

"Ká apá aṣọ ẹ sókè."

Mo ká a. Ó fi abẹ́rẹ́ náà gún mi. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀.

"Bó ṣe máa dun ìyá ẹlòmíràn nìyẹn," ó wí, ó sì kọjá lọ.

Ẹ lè ní ìkà ni. Bóyá ìkà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbé abẹ́rẹ́ tó kú kalẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ohun tó le jù lọ lọ́wọ́ Sista ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò fi ṣeré rárá. Àràárọ̀ ló máa ń sọ fún wa pé, "Ohun tí aláìsàn bá sọ fún wa, ti aláìsàn ni. A kàn ń bá a gbé e dání ni." Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, Títí, lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi pé àtọ̀sí ló gbé tísà kan wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ọ̀rọ̀ náà fi padà dé etí Sista. Títí ò jẹun ọ̀sán níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo bá a gbẹ́rù dé ẹnu ọ̀nà, mo sì ń sọ nínú ara mi pé òmùgọ̀ ọmọ ni.

Nígbà tí mo lo ọdún mẹ́ta, ọmọ ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà ti Lọ́ńdọ̀nù dé, Dókítà Ọláìtán. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó mú ohun kan bọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí: ó mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu kun èèyàn lóorun. Ó ní kì í ṣe oorun gidi. Ẹni náà máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ara rẹ̀ á rọ̀, ẹ̀rù á kúrò lára rẹ̀. Ó ní àwọn dókítà kan ti ń lò ó níbẹ̀ fún àwọn tó ń rọbí àti fún àwọn tí ọkàn wọn kì í balẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́kọ́ fi Yorùbá dán an wò lára rẹ̀ ni bàbá kan tó wá yọ eyín. Dókítà rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ń sùn lọ. Díẹ̀díẹ̀, ẹ ń sùn lọ."

Bàbá fò dìde lórí àga. "Ta ló ń sùn lọ? Èmi ò sùn lọ o! Àwọn ọmọ mi ò tíì dàgbà!" Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Dókítà wá ní òun á máa sọ pé kí wọ́n sinmi. Sista wò ó. "Dókítà, ikú náà nìyẹn." Èmi tí mo ń nu fèrèsé ni mo dá sí i láìjẹ́ pé wọ́n bi mí. Mo ní bí ọmọdé bá ṣubú, tó ń sunkún, ohun tí ìyá mi máa ń sọ ni pé, "Rọra, rọra, ara ń balẹ̀." Dókítà ní kí n tún un sọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn ìyá mi ló ń lò, èmi náà ló sì yàn pé kí n máa jókòó sí igun yàrá nígbàkígbà tó bá jẹ́ obìnrin ló ń tọ́jú, nítorí kò fẹ́ dá wà pẹ̀lú wọn. Orí mi wú. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Orí tó wú kì í gbọ́ràn.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí wọ́n mú Dúpẹ́ wá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ tóbi. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ń gbé. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, ọmọ Iléṣà ni, kò sì mọ̀wé. Ìyá ló sọ̀rọ̀, ó pọn ọmọ kékeré kan sẹ́yìn.

"Dókítà, ọmọ tó ń gba ẹ̀bùn ni. Òun ló ń ka ìwé fún gbogbo kíláàsì. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan, bí wọ́n bá ní kó dìde kó kàwé sókè, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, àyà rẹ̀ á fún, kò ní lè mí. Ó ti dá kú lẹ́ẹ̀mejì níléèwé. Ìdánwò àṣekágbà ń bọ̀. Wọ́n ti gbàdúrà sí i títí. Wọ́n fún un lẹ́jẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni kò ní. Kò gbà."

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ara rẹ̀ le koko. Ó wá ṣàlàyé ohun tó lè ṣe fún un. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá kì í ṣe ògèdè. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ewé, kò sí oògùn, ọ̀rọ̀ lásán ni.

Bàbá Dúpẹ́ tí ò tíì sọ̀rọ̀ ló wá lanu. "Onígbàgbọ́ ni wá, Dókítà. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú ọkàn ọmọ mi."

"Mi ò ní wọbẹ̀, sà. Fúnra rẹ̀ ló máa ṣí i. Ohun tí kò bá fẹ́ ṣe, kò sí bí mo ṣe lè mú un ṣe é."

"Ṣé ó lè máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Bó bá wù ú."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Mo rántí pé mo wo ojú rẹ̀ nígbà tó béèrè ìyẹn. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Mo rò pé ẹ̀rù Ọlọ́run ló ń bà á.

Dókítà ní, "Ohunkóhun tó bá sọ, inú yàrá yìí ló máa kú sí."

Dúpẹ́ tó ti doríkodò látàárọ̀ gbójú sókè. "Ṣé lóòótọ́ ni, sà? Ṣé inú yàrá yìí ló máa kú sí?"

"Lóòótọ́ ni."

"Kí nọ́ọ̀sì yẹn náà sọ bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní, "Lóòótọ́ ni."

"Ó dáa, màá ṣe é."

Bàbá rẹ̀ ò gbà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi fà á. Ìyá gbé e dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wọn, pásítọ̀ ní bí kò bá ti sí ìbọ nínú ẹ̀, kí wọ́n dán an wò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pin sí i lẹ́nu, ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣe ohun tó bá wù yín," kò sì tẹ̀ lé wọn wá mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Dúpẹ́ ń wá, bí wọ́n bá ti jáde iléèwé. Á jókòó sórí àga, á máa wo àmì funfun kan tí Dókítà fi ẹfun kọ sára ògiri. Ohùn Dókítà á máa lọ wọ́ọ́rọ́: ara ń balẹ̀, èjìká ń balẹ̀, ọwọ́ ń balẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò sí ìyàtọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ka ojú ìwé kan sókè nínú yàrá náà láìgbọ̀n. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní òun dìde ní kíláàsì, òun ka ìlà mẹ́rin. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Mo máa ń fi ẹ̀pà pa mọ́ dè é.

Lọ́sẹ̀ kẹfà ni Dókítà bi í pé, "Nígbà wo ni ẹ̀rù yìí kọ́kọ́ mú ọ?"

Ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Ó wá ní, "Nígbà tí mo ka lẹ́tà fún Màmá mi."

"Kí ló wà nínú lẹ́tà náà?"

"Pé ara Màmá Àgbà ò yá ní Iléṣà. Pé Màmá mi ni wọ́n ń dárúkọ. Kí Màmá mi tètè máa bọ̀."

"Kí ni o wá kà fún wọn?"

Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. "Bàbá mi ti kọ́kọ́ ṣí i ní ọ́fíìsì. Màmá mi wà nínú oyún nígbà náà, oyún méjì ti bàjẹ́ lára wọn ṣáájú. Bàbá ní bí wọ́n bá wọ lọ́rì lọ Iléṣà, èyí náà á bàjẹ́. Wọ́n ní kí n kà á pé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà. Wọ́n dúró sẹ́yìn àga. Mo kà á bẹ́ẹ̀. Mo ní iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Bàbá ò sọ ti iṣu fún mi o, èmi ni mo fi kún un. Inú Màmá mi dùn gan-an sí ti iṣu yẹn."

Kò pé oṣù kan tí ìyá àgbà fi kú. Ìyá Dúpẹ́ bí obìnrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Yétúndé, ìyá ti padà dé. Òun ni ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn. Dúpẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pe orúkọ náà nínú ilé, ọ̀fun òun á dí.

Dókítà fi ọ̀rọ̀ tù ú padà bọ̀ sípò. Ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ ló máa sọ fún ìyá rẹ, lọ́jọ́ tí o bá lè sọ ọ́. Màá jókòó tì ọ́ bí o bá fẹ́. Jẹ́ ká ṣe ìdánwò tán ná." Dúpẹ́ ní òun á sọ ọ́. Bó ṣe ń jáde, ó wò mí, mo mi orí sí i.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kì í sọ ohun tí òtítọ́ máa ń fojú ẹlòmíràn rí lọ́jọ́ tó bá bá a tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyá Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Dókítà ní aláìsàn mìíràn lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù, Dúpẹ́ wọ inú yàrá lọ dè é, ó ń ka ìwé rẹ̀. Èmi àti ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde. Yétúndé ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ọmọ òun ti ń padà dèèyàn. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Iléṣà.

"Ọmọ ìyá mi ni o, Nọ́ọ̀sì. Ìyá wa kú, kò ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun kọ lẹ́tà. Lẹ́tà wo? Ìgbà tí lẹ́tà rẹ̀ dé, ti iṣu ló ń sọ! Ọdún kejì rèé tí mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ó ti rán èèyàn mẹ́ta sí mi. Mo ti wá dáhùn wàyí. Ọkọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i: bó bá jẹ́ òótọ́ ló kọ ọ́, kó lọ búra lójú oórì ìyá wa, kí gbogbo ẹbí gbọ́. Bó bá sì jẹ́ irọ́, kí ìyá wa dá a lóhùn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, bàbá mi kọ́ wa pé ìbúra kì í ṣe eré. Mo wò ó, mo rí ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí tó kúnlẹ̀ sójú oórì nítorí ohun tí kò ṣe. Mo sì rí ara mi, èmi tí Dókítà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, èmi tí mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀.

Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kó búra, Màmá. Lẹ́tà náà dé."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Lẹ́tà wo ló dé?"

Mo dìde. Ó di ọwọ́ aṣọ mi mú.

"Nọ́ọ̀sì, báwo lo ṣe mọ̀?"

Ojú mi lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Àsìkò yẹn gan-an ni Dúpẹ́ yọjú síta láti béèrè bóyá Dókítà ti ń bọ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ wà lórí ibi tó kà dé.

Ìyá rẹ̀ ní, "Dúpẹ́, lẹ́tà Iléṣà, nígbà oyún Yétúndé. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ọmọ náà ò wo ìyá rẹ̀. Èmi ló wò. Ó wò mí títí, bí ẹni tó ń wá ibi tí òun ti mọ̀ mí rí. Ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò lè mí.

Obìnrin náà ò nà án. Ó tún ọ̀já ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ so, ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Iṣu ta dáadáa. Iṣu ta dáadáa, Dúpẹ́." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó lọ. Ó fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ wa níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tó fi gbé Yétúndé lọ sí Iléṣà, kò sì padà sílé ọkọ mọ́. Bàbá Dúpẹ́ wá sí ilé ìwòsàn. Mo rò pé á pariwo. Ó yọ fìlà, ó ní, "Ẹ ní inú yàrá ló máa kú sí," ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó jáde. Dúpẹ́ ò lè sọ̀rọ̀ sókè mọ́, ká tó sọ pé kó kàwé. Kò ṣe ìdánwò. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Dókítà kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Ariwo gba Èbúté Mẹ́ta kan pé dókítà kan wà ní Yábàá tó ń fi ògèdè tú ilé onílé ká. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó nu àmì ẹfun ara ògiri kúrò fúnra rẹ̀. Gbólóhùn kan ló sọ fún mi: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù sí ìdánwò rẹ̀, Sàfú."

Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀ kí Sista tó pè mí. Ó ní kí n tú u. "Bí mo bá lé ọ, ibòmíràn ni wàá ti ṣe é. Ibí ni wàá wà." Ọdún méjì gbáko ni mi ò fi wọ yàrá tí aláìsàn wà. Mò ń se síríǹjì, mò ń pọ́n abẹ́rẹ́, mò ń fà á gba inú òwú. Kò bú mi lẹ́ẹ̀kan. Ì bá bú mi.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Iléṣà kò búra, wọ́n sì parí ìjà. Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti sọ fún mi pé ó kéré tán, mo ṣe ìyẹn. Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ọmọ náà ti fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí Dókítà pé kí ló mú ọmọ iṣẹ́ jókòó sírú ibẹ̀. Mo bínú sí bàbá tó dúró sẹ́yìn àga. Mo bínú sí Sista. Ìbínú náà ò gbé mi débì kankan, orí mi ló ń padà sí.

Lẹ́yìn náà, mo ṣe ìdánwò ìjọba, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo bọ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Múṣin, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Irinṣẹ́ yí padà. Síríǹjì oníke dé, èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń jù nù. Àwọn ọmọ tuntun kò mọ òkúta tí à ń fi pọ́n abẹ́rẹ́. Wọ́n mọ ìwé jù wá lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ wọn nínú ọkọ̀ bí a bá ń lọ sílé, tí wọ́n ń dárúkọ aláìsàn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ́jú sí wọn títí, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, aládùúgbò mi kan ní ẹ̀rù ìdánwò ń mú kí ọmọbìnrin òun máa dá kú, pé wọ́n ní ẹnì kan wà tó ń fi ọ̀rọ̀ kun èèyàn lóorun. Ó bi mí bóyá kó mú un lọ. Mo ní ó dára, mo fojú mi rí i tó ṣiṣẹ́. Mo ní kó bi dókítà náà pé ta ni yóò jókòó sí igun yàrá.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo tún rí Dúpẹ́. Ọdún bíi mẹ́tàlá ti kọjá. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, èrò pọ̀, àwa nọ́ọ̀sì méjì là ń gún ọmọ, ìlà méjì. Mo gbójú sókè, mo rí i níwájú mi pẹ̀lú ọmọ lápá. Ó ti sanra díẹ̀, ojú yẹn ò yí padà. Mo ní, "Dúpẹ́." Mo gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀, mo jáde lẹ́yìn tábìlì, mo kúnlẹ̀ fún un níwájú gbogbo wọn, èmi tí mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ.

Ó sọ̀rọ̀ lóhùn ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló gbọ́. "Ẹ dìde, Nọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn ń wò yín."

Mo dìde. Mo na ọwọ́ sí ọmọ náà.

"Ẹ má bínú," ó ní, "ẹlòmíràn ló máa gún ọmọ mi."

Ó bọ́ sí ìlà kejì, ó lọ tò sẹ́yìn pátápátá. Ìlà náà gùn dé ìta, nínú oòrùn. Mo mú abẹ́rẹ́, mo pe ẹni tó kàn.